Adájọ́ tó fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀ padà lórí ìwé: ẹ bá mi dá sí i

Akọ̀wé Àtijọ́, Kàbbà

Ẹ òkun o, gbogbo ilé.

Èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí. Kíkà ni mo máa ń kà. Bí ẹ bá ń jà lórí oyè, tàbí lórí ọ̀nà Lọ́kọ́ja tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ti sọ di odò, màá rẹ́rìn-ín, màá pa fóònù, màá sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi láti ìjẹta, ọmọ ọmọ mi obìnrin ló sì gbé e wọlé. Òfin ló ń kọ́ ní Ànyìgbá. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, a jókòó sẹ́yìnkùlé, à ń yọ kóró kájú kúrò ní ìdí èso, ló bá dédé ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ṣe akọ̀wé kóòtù títí irun yín fi funfun, ṣé adájọ́ lè gba ọwọ́ rẹ̀ padà lórí ìwé tó ti buwọ́ lù?"

Kóró kájú bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìdí tó fi bọ́, ẹ máa gbọ́ ọ níwájú bí ẹ bá ní sùúrù.

Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Jonathan Jasper Wright, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Mi ò gbọ́ orúkọ náà rí. Láti ọjọ́ yẹn mo ti kà nípa rẹ̀ títí dátà fi tán mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe yé mi.

1840 ni wọ́n bí i, ní Pennsylvania, lápá àríwá lọ́hùn-ún. Ọmọ olómìnira ni, ọmọ àgbẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, kò di dandan kí èèyàn lọ yunifásítì kó tó di lọ́yà. Ọ̀dọ̀ lọ́yà ló ti máa kọ́ ọ, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀: á máa da ìwé kọ, á máa gbé fáìlì, á máa tẹ́tí sí bí ọ̀gá ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, tó bá di alẹ́ á fi àtùpà ka ìwé òfin. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Montrose ni Wright ti kọ́ ọ. Èyí dùn mọ́ mi. Bí èmi náà ṣe mọ ìwọ̀nba òfin tí mo mọ̀ nìyẹn, àfi pé ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá ṣe lọ́yà.

Nígbà tó kọ́ ọ tán, àwọn tó yẹ kó dán an wò kọ̀, wọn ò tilẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan. Àwọ̀ rẹ̀ ni. Ní 1865 tí ogun abẹ́lé wọn parí, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan rán an lọ sí Beaufort ní South Carolina, pé kó lọ kọ́ àwọn sójà dúdú àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní ìwé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé ẹ̀tọ́ kan náà lábẹ́ òfin ni ti dúdú àti ti funfun. Wright ò fi ìyẹn falẹ̀. Ó padà sí Pennsylvania, ó ní kí wọ́n wá dán òun wò báyìí. Ọjọ́ 13 Oṣù Kẹjọ 1866 ni wọ́n gbà á, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní ìpínlẹ̀ náà.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe sáré. Láti ọjọ́ tó di lọ́yà, kò pé ọdún mẹ́rin tó fi di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ó kọ́kọ́ padà sí Beaufort, ó ń gba àwọn tó rí òmìnira nímọ̀ràn òfin: ta ló ni ilẹ̀, ta ló jẹ ta lówó iṣẹ́, ìwé àdéhùn wo ni wọ́n fi ń tan ẹni tí kò mọ̀wé. Ní Oṣù Kìíní 1868, aṣojú 124 pàdé ní Charleston láti kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun fún ìpínlẹ̀ náà, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, ó wà níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Beaufort dìbò fún un sí ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 1 Oṣù Kejì 1870, àwọn aṣòfin yàn án sí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní South Carolina. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí èmi wà ní ọgbọ̀n ọdún, síse tíì fún ọ̀gá ṣì wà lára iṣẹ́ mi.

Kò tíì sí aláwọ̀ dúdú tó jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà. Adájọ́ mẹ́ta péré ló wà ní kóòtù náà: Franklin Moses tó jẹ́ olórí, A. J. Willard, àti òun. Ó lo ọdún méje ó lé níbẹ̀, ó kọ nǹkan bí 90 ìdájọ́. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, ọmọ mi ò ní bi mí ní nǹkan kan.

Ní 1876, wọ́n dìbò gómìnà. Daniel Chamberlain wà lórí àga. Wade Hampton, tó jẹ́ ọ̀gágun fún àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó jà nítorí oko ẹrú, dojú kọ ọ́. Àwọn méjèèjì ní àwọn làwọn wọlé, wọ́n sì búra fún àwọn méjèèjì ní Oṣù Kejìlá. Ilé aṣòfin kékeré náà pín sí méjì, olórí ilé méjì jókòó nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo fún ọjọ́ mélòó kan, èyí ń ké pé ẹ dákẹ́, tọ̀hún náà ń ké pé ẹ dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìlú tí oyè ti di méjì rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn onílẹ̀ gbé owó orí fún Hampton, wọn ò fún Chamberlain. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn fún yín.

Ẹlẹ́wọ̀n kan ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú kóòtù. Tilda Norris ni orúkọ rẹ̀. Hampton kọ̀wé pé òun ti dárí jì í, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ní òun ò mọ gómìnà kankan tó ń jẹ́ Hampton. Norris bá gbọ̀nà kóòtù lọ. Ẹ̀yin náà ẹ rí i: bí kóòtù bá ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, Hampton ti di gómìnà nìyẹn. Àìsàn tó máa pa Moses ní Oṣù Kẹta ti dá a dùbúlẹ̀. Ó ku Willard àti Wright.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kejì 1877, àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú pé kí Norris máa lọ. Wọ́n ní kí ìwé náà ṣì dúró di Ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́bọ̀, Wright kọ ìwé mìíràn, ó ní òun gba ọwọ́ òun kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ìwé ti Ìṣẹ́gun náà ló jáde. Norris lọ sílé.

Ọmọ mi ní ojo ni Wright. Mo ní kò mọ nǹkan tó ń sọ. Ó ní kí ló dé tí mo ń gbèjà ẹni tó ti kú láti 1885 bí ẹni ń gbèjà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè tèmi wá yàtọ̀ sí tirẹ̀ díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń bèèrè nípa adájọ́. Èmi ń bèèrè nípa ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti Ìṣẹ́gun sí Ẹtì. Ká ní ẹ̀yin ni akọ̀wé, tí adájọ́ wá bá yín ní Ọjọ́bọ̀ pé ẹ gbé e fún òun, ṣé ẹ máa gbé e?

Ọmọ Ìyàrà, Lọ́kọ́ja

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe níbí. Ẹ̀rù ń bà mí láti fèsì fún ẹni tó ti ń tẹ òǹtẹ̀ kí n tó mọ A, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ká dá sí i.

Ìwé tí adájọ́ buwọ́ lù, tó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, èrò inú rẹ̀ ni. Ìwé tí wọ́n ti kà ní gbangba kóòtù, tí òǹtẹ̀ ti bà, tó ti wọ rẹ́jísítà, ti àwọn tó ń ṣẹjọ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, abala 294 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 fún kóòtù ńlá ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí àwọn lọ́yà bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn láti fi dájọ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn adájọ́ lè kọ ọ́, kó fà á ya, kó tún un kọ, kó jí lóru kó yí i padà, kò sí ẹni tó máa mú un. Àmọ́ ọjọ́ tó bá ti kà á létí ìgbìmọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá tún fẹ́ fọwọ́ kàn án, àfi kó jẹ́ àṣìṣe akọ̀wé, bíi ká ṣi orúkọ kọ tàbí ká ṣi owó kà. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó gba kóòtù òkè lọ.

Tí ẹ bá wá wo ti Wright, "ẹ jẹ́ kó dúró di Ọjọ́ Ẹtì" yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà. Kí ni wọ́n dá a dúró fún, bí kì í bá ṣe pé kò tíì parí? Kóòtù adájọ́ mẹ́ta ni, ọ̀kan wà lórí ibùsùn. Bí Wright bá yọwọ́, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan, kò sì sí àṣẹ tó lè jáde. Willard ṣe bí ẹni pé ọwọ́ méjì ti pé lórí ìwé, ọ̀rọ̀ ti tán. Ká ní èmi ni lọ́yà Chamberlain, ẹnu ọ̀nà kóòtù ni mi ò bá tẹ́ ẹní mi sí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ní ti akọ̀wé, bàbá, ìbéèrè yín ò le. Bí òǹtẹ̀ ò bá tíì bà á, adájọ́ ló ni ìwé. Ẹ gbé e fún un.

Òótọ́ Korò, Mọpà

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wá ìdí ọkùnrin yìí. Ọtí ni wọ́n fi yọ ọ́. Lọ́dún 1877 yẹn náà làwọn aṣòfin fẹ̀sùn kàn án pé ọ̀mùtí ni, wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nípò, ló bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò ṣẹ̀, kí ló ń sá fún? Ẹni tó fọwọ́ sí nǹkan ní Ìṣẹ́gun tó sọ pé òun kọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó máa wà nínú kọ́ọ̀bù rẹ̀.

Yàtọ̀ síyẹn, kí ló kan àwa Yorùbá Òkun kan South Carolina? Tiwa tí a ò tíì kọ sílẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Tíṣà, Ẹ̀gbẹ̀

Òótọ́ Korò, ọmọ mi, fìdí lélẹ̀ ká sọ̀rọ̀.

Ta ló fẹ̀sùn ọtí kàn án? O ò sọ ìyẹn. Ẹgbẹ́ Hampton ni, àwọn tí Wright ti sọ pé òun yọ ọwọ́ òun lórí ọ̀rọ̀ gómìnà wọn. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ yìí ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa gun ẹṣin kiri lọ́dún ìdìbò, àwọn tó wà níhà ọ̀dọ̀ wọn ló sì pa àwọn sójà ìlú tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Hamburg ní Oṣù Keje 1876, àwọn míì nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti mú wọn tán. Ní Oṣù Kẹrin 1877, Ààrẹ Hayes kó àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ kúrò ní ilé ìjọba ní Columbia, Chamberlain palẹ̀ ẹrù mọ́, Hampton wọlé. Láti ìgbà náà, ta ni Wright máa lọ sùn sí ilé rẹ̀? Àwọn tó ń bínú sí i ló máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, àwọn náà ló máa dá a. Ọjọ́ 1 Oṣù Kejìlá ló kúrò. Bóyá ó ń mutí, bóyá kò mu. Èmi mọ àwọn tó ń mu tí wọ́n ṣì ń bẹ lórí àga.

Mo fẹ́ kí o mọ iye ọdún tí àga yẹn fi ṣófo fún irú rẹ̀. 1985 ni aláwọ̀ dúdú mìíràn tó tún jókòó ní kóòtù náà, Ernest Finney, ọdún 108 lẹ́yìn rẹ̀.

O tún bèèrè ohun tó kan Òkun. Tíṣà ni mí fún ọdún 33, ibi tí ìtàn yìí ti mú mi ni Beaufort, kí ọkùnrin náà tó di ẹnikẹ́ni. Láti 1861 tí ọmọ ogun àríwá ti gba etíkun yẹn, tí àwọn ọ̀gá oko sá lọ, àwọn èèyàn tí wọ́n fi òfin dè pé wọn ò gbọdọ̀ mọ̀wé ti ń kọ́ ìwé níbẹ̀, àgbà àti ọmọdé lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn àgbàlagbà ìlú wa ṣì ń sọ bí àwọn òbí wọn ṣe kọ́ A B D lọ́dọ̀ Titcombe, míṣọ́nnárì tó dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, tí bàbá onírungbọ̀n ń fi ìka tọ ìlà ìwé bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ ẹran ìgbẹ́. Mo rí i pé ohun kan náà ni. Ẹni tí wọ́n ti fi ìwé àdéhùn jẹ níyà rí, kíka ìwé ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa bèèrè.

Nígbà tí Wright sì jókòó sórí àga yẹn ní 1870, ṣé o mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí? Àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Bídà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlú wa àtijọ́ fi wà lórí òkè. 1897 ni agbára Bídà tó kúrò lọ́rùn wa, ọdún méjìlá lẹ́yìn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa Wright ní Charleston. Ìyá tó bí ìyá ìyá mi padà wálé láti Bídà pẹ̀lú ilà ojú tí kì í ṣe tiwa. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń ka ìtàn ọmọ olómìnira tó lọ bá àwọn ẹrú àná jókòó, tó ń bá wọn ka ìwé ilẹ̀ wọn, ó kàn mí.

Lẹ́yìn tí kò ṣe adájọ́ mọ́, ó tún padà sí iṣẹ́ lọ́yà ní Charleston, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òfin lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Claflin. Ọ̀mùtí rẹ nìyẹn.

Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú sùúrù. Kí ló mú kóró kájú bọ́ lọ́wọ́ yín?

Òótọ́ Korò, Mọpà

Mà, mo tọrọ àforíjì lórí ti Òkun. Lórí ti ọtí, mo ṣì wà níbi tí mo wà.

Akọ̀wé Àtijọ́, Kàbbà

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Tíṣà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́.

Lọ́yà wa ní kí n gbé ìwé náà fún adájọ́. Ó ti pẹ́ jù, ọmọ mi.

Mi ò ní dárúkọ ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìpínlẹ̀ Kwárà la ṣì wà nígbà yẹn, wọn ò tíì dá Kogí sílẹ̀. Éríà kóòtù ni, ilé bíríkì alámọ̀ tí páànù rẹ̀ máa ń pariwo bí oòrùn bá mú. Kọ́bọ́ọ̀dù kan la ní, kọ́kọ́rọ́ kan ló sì ní, ọwọ́ mi ló wà. Inú rẹ̀ la ń kó gbogbo rẹ́jísítà sí, pẹ̀lú òǹtẹ̀, páàdì ẹlẹ́ńkì, àti oògùn eku.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Ìdílé méjì ń jà sí oko kọfí kan tó wà létí odò. Ìdílé kan ní èèyàn ní Ìlọrin. Ìdílé kejì ní ìyá àgbà kan tó ń kó kọfí náà fúnra rẹ̀, tó máa ń wá sí kóòtù pẹ̀lú iṣu díndín nínú ewé, tó máa ń fún mi nínú rẹ̀, tí èmi náà kì í sì í kọ̀. Ẹ̀rí tó dúró níwájú wa, ti ìyá yẹn ni. Èmi tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta gúgúrú níta mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá mi pè mí wọlé lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ti kọ ìdájọ́ náà, Ọjọ́ Ajé ló máa kà á. Ó buwọ́ lù ú níwájú mi. Mo kà á, mo rí i pé ìdílé kejì, ti ìyá àgbà, ti pàdánù oko. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ lọ síbi òkú kan ní Ìsánlú ní Ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà mo kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà lálẹ́ yẹn, mo fún un ní nọ́ńbà, mo tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kà á. Mo kàn fẹ́ mú iṣẹ́ kúrò nílẹ̀ ni.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, ilẹ̀ ò tíì mọ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá mi ni, òun nìkan, kò gbé mọ́tò. Ó ní, "Akọ̀wé, gbé ìwé yẹn fún mi." Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀, sà. Ó ní àlejò kan wá bá òun nílé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ó ní àlejò náà kò fún òun lówó o, kí n má rò bẹ́ẹ̀, ó kàn jókòó, ó mu omi, ó bèèrè orúkọ àwọn ọmọ òun níkọ̀ọ̀kan àti ilé ìwé tí wọ́n ń lọ. Ó ní láti ìgbà náà òun ò tíì sùn. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, akọ̀wé. Gbé e wá."

Ẹ wò ó, ohun tí mo máa ń rò nìyẹn bí mo bá ń ka ti Wright. Ọmọ mi ní ẹ̀rù ló jẹ́ kó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ta ló sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀rù ló jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i? Àwọn ẹlẹ́ṣin aláṣọ pupa wà níta. Ìwé méjì ló kọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi èyí tí ẹ̀rù kọ nínú méjèèjì.

Mo dá ọ̀gá mi lóhùn pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ mi. Mo ní mẹ́séńjà ti gbé e lọ sí ìlú rẹ̀, ó di Ọjọ́ Ajé.

Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé, mo ti bi ara mi tó. Bí a bá ya ojú ìwé kan nínú rẹ́jísítà, nọ́ńbà á fò. Bí ìsípẹ́kítọ̀ bá dé láti Ìlọrin, èmi ló máa bi, kò ní bi adájọ́. Mo ní ọmọ márùn-ún. Mo sì ti tẹ òǹtẹ̀ náà kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ìyẹn nìkan tó láti lé mi. Gbogbo rẹ̀ sáré kọjá lórí mi láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀kan.

Ní Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mi ka ìwé náà bó ṣe wà. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ìyá àgbà yẹn ò pariwo, kò ṣépè. Ó dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bi mí pé, "Akọ̀wé, ibo la ń gbà jáde?" Ó ti ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé fún oṣù mọ́kànlá.

Ọmọ Ìyàrà, Lọ́kọ́ja

Bàbá, ṣé wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?

Akọ̀wé Àtijọ́, Kàbbà

Rárá. Mo kọ ọjọ́ tí àǹfààní náà máa parí sórí ìwé pélébé kan fún un, mo ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Wọn ò padà wá. Owó lọ́yà ni, mo rò.

Ọmọ Ọmọ Akọ̀wé

Bàbá, èmi nìyí. Inú yàrá ni mo wà, mò ń ka ohun tí ẹ̀ ń kọ láti pálọ̀. Ẹ ò sọ èyí fún mi rí. Mo gba ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Wright padà, ó kéré tán ìdajì rẹ̀. Kí ni ọ̀gá yín sọ nígbà tí ẹ ní kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ yín?

Akọ̀wé Àtijọ́, Kàbbà

Kò sọ nǹkan kan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú díẹ̀, ó pa á. Ó ní kí n padà lọ sùn, ó kí mi pé kí n kí ìyàwó. Nígbà tó yíjú padà tó ń lọ ni mo rí i pé bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ti ọ̀tún.